Ọ̀sán Tí Mo Rò Pé Jésù Ti Gba Bàbá Lọ Sókè

Máṣíìnì Bàbá ò dún. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, kí n tó bọ́ báàgì ilé-ìwé lẹ́yìn. Láti ìkóríta àdúgbò ni mo ti máa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, rédíò nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàtà Bàbá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Awò ojú wọn wà lórí aṣọ akọrin funfun tí wọ́n ń rán lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì ṣì gún ọrùn aṣọ náà, wọn ò tíì rán an dé ìdajì. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ń rú èéfín lórí tábìlì. Mo pè, "Bàbá!" Mo tún pè. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ọmọ tí kò bá wo irú fíìmù tí èmi wò ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ yẹn yóò kàn rò pé Bàbá wà nítòsí ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Jésù ti dé, ó ti kó àwọn tirẹ̀ lọ, Bàbá wà lára wọn, èmi ò sì sí lára wọn.  

Bàbá yìí kì í ṣe bàbá mi, wọn kì í sì í ṣe ẹbí wa. Télọ̀ ni wọ́n, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo sì ti lọ sílé ọkọ ní Ọ̀yọ́. Màámi ń ta bàtà ọmọdé ní ọjà Takie, wọn kì í tètè dé, torí náà ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni mo máa ń dúró sí tí mo bá ti ilé-ìwé dé. Aṣọ akọrin ni wọ́n mọ Bàbá mọ́ jù. Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi ń rán níbẹ̀, àwọn ìjọ aláṣọ funfun náà ń rán níbẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù máa ń rùn bí aṣọ tuntun, bí èédú, àti bí òróró tí wọ́n fi ń pa ara máṣíìnì. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn èédú àti aṣọ pa pọ̀, ebi ọ̀sán máa ń pa mí.

Lókè ibi tí wọ́n ń to aṣọ sí ni kásẹ́ẹ̀tì fíìmù tí Bàbá máa ń yá àwọn èèyàn wà. Fíìmù ìgbàgbọ́ ni gbogbo rẹ̀, Bàbá sì ti wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹni tó wá rán aṣọ bá dúró, tí téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ń lọ tó ń bọ̀ léjìká rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti béèrè pé, "Bàbá, fíìmù wo lẹ fẹ́ ká wò lọ́sẹ̀ yìí?" Bàbá ò ní dárúkọ fíìmù kankan. Wọ́n á ní, "Ta ló máa wò ó?" Wọ́n fẹ́ mọ bóyá ọmọ kékeré wà nílé, bóyá tọkọtaya ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bóyá ẹnìkan ń ṣàìsàn. Tí ẹni náà bá ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní èyí tó dáa, wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mò ń wọn èjìká rẹ lọ́wọ́ báyìí? Ṣé ẹ̀wù àwọn ará ilé kejì ni kí n wọ̀ fún ọ?"

Obìnrin kan wà tó ti ń wojú Olúwa fún ọmọ ọjọ́ ti pẹ́. Ó wá wọn bùbá, ó sì nawọ́ sí kásẹ́ẹ̀tì kan tí gbogbo èèyàn ń yìn, èyí tí àgàn inú rẹ̀ bí ìbejì nígbẹ̀yìn. Bàbá rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ìyẹn ṣì wà níbí, ìyá mi. Mú eléyìí lọ. Ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀, orin inú rẹ̀ sì dùn." Awakọ̀ kan náà tún wà, ará ìjọ aláṣọ funfun. Bí Bàbá bá ti gbọ́ ohùn mọ́tò rẹ̀, wọ́n á ti kó àwọn fíìmù tí wọ́n ti ń fi wòlíì aláṣọ funfun ṣe yẹ̀yẹ́ sẹ́yìn òwú. Mo máa ń rò pé Bàbá ò lè ṣi fíìmù yàn fún ẹnikẹ́ni láéláé.

Ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n ṣì. Tíṣà wa ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ló wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yan fíìmù kan fún àwa ọmọdé, èyí tó máa mú ká jáwọ́ nínú irọ́ àti ariwo. Bàbá béèrè ẹni tó máa wò ó, tíṣà ní àwọn ọmọ ìjọ ni. Bàbá mú fíìmù ìgbàsókè. Kò sí àjẹ́ nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ Bíbélì ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé, Bàbá gbé tẹlifíṣọ̀n sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, àwa jókòó sílẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. Nínú fíìmù náà, obìnrin kan ń lọ aṣọ. Ká tó ṣẹ́jú, kò sí mọ́. Áyọ́ọ̀nù ń jó aṣọ, bàtà obìnrin náà wà níbi tó dúró sí, ọmọ rẹ̀ sì ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń pe "Mọ́mì! Mọ́mì!" Ọmọ náà ò ju èmi lọ.

Bí ó ṣe ń parí báyìí lẹnìkan dé láti wá gbé aṣọ ìgbéyàwó. Bàbá pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Ó yá, ẹ máa lọ sílé, ẹ bá mi kí wọn o." A dìde, a gbọn eruku ìdí, a lọ. Kò sí ọ̀kankan nínú wa tó pariwo, bí tíṣà ṣe fẹ́ ẹ gan-an.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọlọ́dẹ. Tí mo bá jí láàárọ̀, màá kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá Màámi ń mí. Ìyẹn pàápàá ò fi mí lọ́kàn balẹ̀, torí mo mọ Màámi. Mo fẹ́ràn wọn o, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí wọ́n ń búra fún oníbàárà pé iye tí àwọn ra bàtà gan-an làwọn ń tà á yẹn. Pásítọ̀ ńkọ́? Pásítọ̀ máa ń bínú. Bàbá nìkan ló dá mi lójú. Tí Bàbá bá ṣì wà láyé, a jẹ́ pé Jésù ò tíì dé nìyẹn. Tí máṣíìnì wọn bá ń dún, mo lè jẹun, mo lè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Tó bá dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, màá yọjú wò wọ́n, wọ́n á ní, "Kí lo ń wá?" Màá ní kò sí nǹkan.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́sàn-án ọjọ́ tí máṣíìnì ò dún rárá, mi ò tiẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ju báàgì mi sílẹ̀, mo sáré lọ sí Takie.

Èrò kún ọ̀nà. Ọ̀kadà ń fọn fèrè, obìnrin kan ń to máńgòrò sórí àtẹ, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ti ara wọn. Ẹlòmíràn ì bá rí èrò yẹn kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù náà, ọjà ṣì ń lọ lẹ́yìn ìgbàsókè, àwọn tó ṣẹ́ kù ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mò ń sáré, mò ń wo ojú wọn, àánú wọn ń ṣe mí. Mo rò ó bóyá kí n dúró sọ fún wọn, àmọ́ mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá Màámi rí ọ̀run wọ̀.

Màámi wà nídìí àtẹ wọn. Wọ́n na bàtà pupa kan sí oníbàárà, wọ́n ń búra. N kò rí ohun tó dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró síwájú wọn, mo bú sẹ́kún.

"Kí ló dé? Ta ló nà ọ́?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ò lọ!"

"Lọ síbo?"

"Bàbá ti lọ. Jésù ti mú wọn lọ."

Bàtà bọ́ lọ́wọ́ Màámi. "Yéè! Bàbá télọ̀ kú?"

Mo ní, "Wọn ò kú o, wọ́n lọ ni." Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi mọ́. Màámi ti ká ọwọ́ lérí. Obìnrin tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti tú gèlè, ó fi so ìdí, ó ń sunkún pé, "Àní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan fíìmù fún mi lánàá! Mi ò tíì wò ó parí!" Oníbàárà pàápàá ń kẹ́dùn, ẹni tí kò mọ Bàbá rí. Wọ́n ní kí ẹnìkan bá wa wo ọjà, a sì gba ọ̀nà ilé lọ, àwọn ń sunkún òkú, èmi ń sunkún ara mi.

Ní ìkóríta àdúgbò wa la ti pàdé òkú náà. Bàbá ń bọ̀ láìwọ bàtà, láìsí awò ojú, wọ́n ń wọ́ aṣọ funfun kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti bò, wọ́n sì ń fi gbogbo ohùn wọn pe orúkọ mi. Ewúrẹ́ kan ló fa aṣọ tí wọ́n rẹ sómi kó lè súnkì kí wọ́n tó gé e, tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé. Wọ́n lé e dé ibi tí wọ́n lé e dé. Ìgbà tí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, báàgì mi ni wọ́n bá nílẹ̀. Wọn ò bá èmi. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ló wà lẹ́nu gbogbo ìlú.

Bàbá dì mí mú ní apá méjèèjì.  "Níbo lo lọ? Níbo lo wà láti àárọ̀?" Ọ̀sán ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yé gbogbo èèyàn tán, Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin aláṣọ ní òun ò gba omijé òun padà o. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. A dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Nígbà tí fíìmù yẹn parí, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Kò sẹ́nìkankan, Bàbá. Ẹ ní ká máa lọ sílé."

 Wọ́n ń fi ìka yọ ẹrẹ̀ lára aṣọ funfun náà. Màámi ni wọ́n sọ̀rọ̀ fún. "Agbádá ni mo gbé wọ ọmọdé."

Wọ́n wá yíjú sí mi. "O rò pé màá lọ kí n má pè ọ́?"

"Ìyá inú fíìmù náà ò ráyè pe ọmọ rẹ̀."

"Èmi ò ní gbà. Màá pariwo ni. Wọ́n á gbọ́ ohùn mi ní Takie."

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ò kúrò lójú kan mọ́ láìkéde. "Mò ń lọ sẹ́yìnkùlé o!" "Mò ń lọ ra òwú o!" Àwọn aládùúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n á máa dáhùn láti ojú fèrèsé pé, "A ti gbọ́, Bàbá, ẹ kí ẹ̀yìnkùlé!" Wọn ò dáwọ́ dúró. Tí wọ́n bá ń wọn aṣọ fún èèyàn, ìbéèrè wọn ti lé kan. Wọ́n ṣì ń béèrè ẹni tó máa wo fíìmù, àmọ́ wọ́n á tún ní, "Ta ni yóò wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tó bá parí?" Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí i, kásẹ́ẹ̀tì orin ìyìn ni wọ́n máa ń fún un mú lọ.

Nígbà tí ojú wọn ò ríran mọ́ dáadáa, ọmọbìnrin wọn wá mú wọn lọ sí Ọ̀yọ́. Mo máa ń lọ kí wọn. Fíìmù ti wọnú fóònù nígbà náà, èmi ni mo máa ń tàn án, màá máa ṣàlàyé ohun tí wọn ò rí. Tó bá parí, wọ́n á di ọwọ́ mi mú. Tí mo bá dìde, màá ní, "Bàbá, mò ń lọ o." Wọ́n á ní, "Lọ síbo?" Màá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. "O ṣeun tí o sọ fún mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ wọn pè mí. Mo wà nílé mi ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba gbogbo ìta. Ó ní, "Àbúrò mi, Jésù ti mú Bàbá lọ." Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìnkùlé?"

Kò bá mi wí. Ó mọ ìtàn náà, Bàbá ti sọ ọ́ fún un léraléra. Ó ní, "A ti wò ó."

Àwọn ìyá tí kò tíì dàgbà púpọ̀ nínú ìjọ wa máa ń béèrè lórí wáásáàpù pé fíìmù ìgbàgbọ́ wo ló dáa fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ ti wà báyìí, ó sì dáa. Ìbéèrè Bàbá ni mo máa ń kọ ránṣẹ́ sí wọn. Inú ń bí àwọn kan, wọ́n ní torí kí àwọn lè ráyè sebẹ̀ làwọn ṣe ń wá fíìmù. Mo mọ̀. Èmi náà ń sebẹ̀. Bí àwọn ọmọ mi bá ń wo tiwọn ní pálọ̀, tí ilé wá dákẹ́ lójijì, àyà mi ṣì máa ń já bíi ti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pè mí.

Màá sọ ìgbákọ sílẹ̀, màá pariwo pé, "Mo wà ní kíṣìnì o!"