Ọ̀rẹ́ Mi Tó Ń Fi Bíliádì Jẹun

Ọ̀rẹ́ mi lẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó ń fi bíliádì jẹun, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò lórí tábìlì. Àwọn òyìnbó tó ń gé gẹdú ló kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ ní kíláàbù wọn l'Ókìtìpupa, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, pé kó máa nu tábìlì. Kò tó ọdún méjì tí kò fi sí ẹni tó lè nà án mọ́ nínú wọn. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di olùkọ́ wọn, wọ́n sì ń gbé e lọ sí Sàpẹ́lẹ̀ àti Bìní láti bá àwọn ògbóǹkangí ibẹ̀ gbá a.

Yóò kọ́kọ́ rìn yí tábìlì ká láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀, tó na ọwọ́ òsì sórí aṣọ tábìlì, ká tó ṣẹ́jú, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aládùúrà, pé tẹ́tẹ́ lọmọ òun ń ta. Lọ́jọ́ tó wá wò ó nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó jókòó fún bíi wákàtí kan, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ lèyí o, bíi ti káfíńtà." Àtìgbà náà ló ti ń gbàdúrà fún un.

Èmi ń ránṣọ ní tèmi. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ bọ̀, lọ́rì tí mo wọ̀ dojú dé, egungun ọwọ́ òsì mi sì dá síbi méjì. Nígbà tí wọ́n fi máa tú ọwọ́ náà sílẹ̀, ìka mi ti gan. N kò lè di aṣọ mú lábẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́. Mo ti máṣìn sí kọ̀rọ̀, mo sọ fún ìyá mi pé mò ń padà sóko ní Ìjù-Odò.

Ọ̀rẹ́ mi wá, ó yẹ ọwọ́ náà wò dáadáa. "Dìde, jẹ́ ká lọ."

"Níbo?"

"Kíláàbù. Ọwọ́ òsì tó o wá pa tì yìí, irú ẹ̀ ni mo fi ń jẹun."

Ó gbé ọwọ́ mi lé tábìlì, ó ní kí n na ìka, kí n gbé àtàǹpàkò sókè, kí ọ̀pá lè gba àárín wọn kọjá. Ó dùn mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ó ní, "Ó tó fún tòní. Ó dọ̀la." Báyìí la ṣe ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sán, kí àwọn ọ̀gá tó tibi iṣẹ́ dé. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, mo ti lè mú bọ́tìnì.

Ìgbà náà ni kúùkù kíláàbù bi mí pé, "Ṣé o gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹlòmíì síbi iṣẹ́ tí wọ́n pe ọ̀rẹ́ ẹ sí l'Ékòó?" Kíláàbù ńlá kan ló kọ̀wé sí i pé kó wá máa gbá bíliádì fún wọn, kó sì máa kọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù fún òun. Wọn ò lè dúró.

Mo lọ bá a. "Lẹ́tà dé láti Èkó, o ò sọ fún mi?"

Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ra orí ọ̀pá rẹ̀. "Tí mo bá sọ, ṣé wàá jẹ́ kí n dúró?"

"N kò ní jẹ́!"

"Ìdí tí n kò fi sọ nìyẹn."

Inú bí mi gan-an. Lójú mi, ó ti sọ mí di ẹrù. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi dé kíláàbù. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé púpurú àti ẹja tí ìyá rẹ̀ sè wá, ó jókòó tì mí. "Ó wù mí kí n lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ tí mo bá lọ lo máa padà sóko. Èmi ni mo yàn án. Má fi ṣe ẹ̀bi ara ẹ." A jẹun.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, wọ́n pe àwọn tó ń fi bíliádì jẹun síbi ìdíje kan l'Ékòó. Èmi ni mo rán wésíkóòtì dúdú tó wọ̀ lọ, mo sì bá a lọ. Nínú ìpele tó kẹ́yìn, apá ẹ̀wù rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù kan, èyí tí òfin eré náà kò gbà. Ẹnikẹ́ni ò rí i. Ó nàró, ó sọ fún rẹfirí fúnra rẹ̀. Ìpele náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ wá ta ọ̀mì, ni wọ́n bá ní kí wọ́n tún gbá ẹyọ kan sí i. Òun ló jẹ ìyẹn. Wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá òun.

Ìta ni ìyá rẹ̀ wà nígbà tí a délé. "Ṣé o nà wọ́n?"

"A nà wọ́n, Ìyá," ni ọ̀rẹ́ mi dáhùn.

Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé òun nìkan ló nà wọ́n. Mo wojú rẹ̀, mo gbà á bẹ́ẹ̀.