Àwọn Ará Òkè Inú Tẹlifíṣọ̀n Àlàájà

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, yàrá kan ni mo háyà nílé Àlàájà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì àti síìpù ní Ọjà Balógun ni mo ti ń bá wọn tajà. Ìlẹ̀kẹ̀ ni Àlàájà ń tà ní Jankara, ilé tí à ń gbé sì ni ilé tí olóògbé ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í sì í wo ìròyìn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n torí ẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ni eré ọkọ̀ òfuurufú kan tó máa ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi eré náà hàn wọ́n. Eré òyìnbó ni, nípa àwọn èèyàn kan tí wọ́n ń gbé inú ọkọ̀ ńlá tó ń ti ìràwọ̀ kan lọ sí òmíràn. Ó ti pẹ́ tí eré náà ti ń bọ̀. Bí àwọn òṣèré kan bá kúrò, àwọn mìíràn á bọ́ sí i. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ òyìnbó rẹ̀. “Àwọn Ará Òkè” ni Àlàájà sọ ọ́, torí òkè ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá sọ ọ́ lójú mi, nítorí ará òkè náà ni àwọn ọmọ Èkó máa ń pe irú èmi tí mo ti Ìjẹ̀bú wá.

Àwa mẹ́rin la máa ń wò ó pọ̀. Yàtọ̀ sí èmi àti Àlàájà, Tísà wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ní fisíìsì, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi. Télọ̀ náà wà níbẹ̀, obìnrin Ẹ̀gbá kan tó gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sí abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa. Bí Àlàájà bá ti kírun Màgàríbì tán, tí wọ́n ká ẹní wọn, a ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó wọ pálọ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ àga wọn nílẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, torí èmi ni mò ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn.

“Kí ló wí?”

“Ó ní ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn ti kọṣẹ́, Àlàájà.”

“Ọkọ̀ wo ni kì í kọṣẹ́? Kí wọ́n pe mẹkáníìkì.”

Ìbéèrè wọn ló ń yà mí lẹ́nu jù. Èmi a máa wo ìjà àti iná tó ń bú gbàù, àwọn a máa wo ohun tí ẹnikẹ́ni ò fi hàn wọ́n. Ta ló ń dáná nínú ọkọ̀ náà? Bí aboyún bá wà níbẹ̀, ìlú wo ni ọmọ tó bá bí yóò máa pè ní ìlú rẹ̀? Lọ́jọ́ kan, eré ń lọ lọ́wọ́, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Bí Mùsùlùmí bá wà nínú ọkọ̀ yìí, ibo ni yóò kọjú sí kírun?”

Tísà ló dìde. Ó mú ọsàn kan nínú abọ́ tó wà lórí tábìlì, ó ki igi ìṣáná kan bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e padà sórí tábìlì, ó wá fẹ̀yìn rìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ wò ó, Àlàájà. Ká ní ọsàn yẹn ni gbogbo ayé, ibi tí ìṣáná wà ni Mẹ́kà. Èmi tí mo wà lókèèrè níbí, bí mo bá ti kọjú sí ọsàn, mo ti kọjú sí Mẹ́kà náà nìyẹn.”

Àlàájà wo ọsàn náà títí. “Bí ìṣáná bá wá wà lẹ́yìn ọsàn ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn Mẹ́kà ni yóò máa kírun sí?”

Tísà padà lọ jókòó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àlàájà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá alùfáà mọ́ṣáláṣí wọn. Alùfáà ní bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ òun bá fẹ́ lọ sí òkè, kó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ òun. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ Àlàájà lọ́rùn. Wọ́n ní ó yẹ kéèyàn ti mọ̀ kó tó gbéra.

Mo ti lò tó ọdún kan nílé náà kí àwọn tó ń ṣe eré yìí tó yí i padà. Ọ̀gá ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí kò kọ ìjà, kúrò níbẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú àwọn ará ọkọ̀ ni wọ́n fi jọ̀gá. Ẹ̀rọ ọkọ̀ wá bà jẹ́ gidi, ọkọ̀ sì dúró sójú kan lókè ilẹ̀ àjèjì kékeré kan tí erùpẹ̀ rẹ̀ pupa bíi ti oko bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ará ibẹ̀, wọ́n ń kọ́ èdè wọn, wọ́n ń jẹun lọ́dọ̀ wọn.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nílé wa.

“Wọ́n ti ba eré yìí jẹ́ pátápátá,” ni Tísà wí. “Ọkọ̀ tí kì í lọ síbì kankan, ọkọ̀ kọ́ nìyẹn, ilé ni. Ọ̀gá àtijọ́ ì bá ti dé ìràwọ̀ bíi mélòó kan kí ó tó di àsìkò yìí.”

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni Télọ̀ bá wọn fà ní tirẹ̀. Wọ́n ti fún àwọn ará ọkọ̀ ní yunifọ́ọ̀mù tuntun, tí kọ́là rẹ̀ ga dé àgbọ̀n. “Ọrùn wọn ò sinmi mọ́,” ló wí. “Ẹ̀yìn ni síìpù sì wà. Ta ló ń bá ọkùnrin tó dá sùn nínú yàrá fa síìpù ẹ̀yìn sókè láàárọ̀?” Èmi tí mò ń ta síìpù gbà pé ó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àlàájà ò gbà fún wọn. Wọ́n ní ìsinsìnyí gan-an ni eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. “Tẹ́lẹ̀, wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi ń dìde lọ. Wọ́n á pa ẹni tí wọ́n máa pa, wọ́n á gba ẹni tí wọ́n máa gbà, ó di gbéré. Ní báyìí, wọ́n ti ń mọ ìyá tó bí oníkálukú.”

Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo rò, mi ò sì mọ ẹ̀yìn ẹni tí ǹ bá dúró sí ká ní wọ́n bèèrè. Ẹnu mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ eré náà ń gbà kọjá, ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló máa ń dà bí òótọ́ létí mi. Bí mo bá lọ pọn omi láàárọ̀, Tísà á ti dúró sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́, á ní, “Ẹ tún rò ó wò, àǹtí oníbọ́tìnnì. Kí ni wọ́n ṣe lánàá? Wọ́n kan jẹ iṣu.” Bí mo bá jáde, Télọ̀ á dá iṣẹ́ dúró kó lè bi mí bóyá mo kíyè sí bọ́tìnnì àpò ọ̀gá wọn.

Ìgbà tó ṣe, ọjọ́ kan dé tí eré náà yí bìrí. Àwọn ará ọkọ̀ rí i pé oòrùn tó ń tàn sí ilẹ̀ pupa yẹn fẹ́ kú. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kó wọ ọkọ̀. Wọ́n dirù, wọ́n to lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àmọ́ ìyá arúgbó kan wà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí kò dìde. Ọ̀gá ọkọ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá náà ní abẹ́ ilẹ̀ yìí ni wọ́n sin bàbá òun sí, òun ò sì mọ orúkọ ibi tí wọ́n ń kó òun lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é láti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe dá eré dúró níbẹ̀ nìyẹn, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

“Kí wọ́n gbé e,” ni Tísà wí. “Kí ẹnì kan di apá mú, kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ mú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ̀mí, ẹ̀bẹ̀ ti tán.”

“Ẹ ó gbé ìyá yín bí ẹní gbé àpò ìrẹsì?” Télọ̀ bi í.

“Bí yóò bá yè, màá gbé e.”

Àwọn méjèèjì fà á títí. Àlàájà ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n.

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá bá àwa náà,” ni wọ́n wí.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, tí àkọ́bí àwọn ṣì wà lẹ́yìn, ìjọba ní àdúgbò àwọn há jù, ó dọ̀tí jù, wọ́n máa wó o kí wọ́n lè tún un kọ́. Sùúrùlérè ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ, Sùúrùlérè ìgbà tí ó ṣì jẹ́ igbó. Lọ́jọ́ tí lọ́rì dé, ìyá wọn gbé àpótí ìdáná jáde, ó jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ wólé kó wó o lé òun lórí.

“Kí ni wọ́n wá ṣe fún ìyá yín, Àlàájà?” Èmi ni mo bèèrè.

“Ẹ jẹ́ ká rí ti obìnrin inú eré yìí ná,” ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n wọ kóòtù jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Eré náà ò padà mọ́. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà wá di méjì sí mi lọ́rùn: mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá inú eré, mi ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá Àlàájà. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní, “Lọ wá ìparí eré náà wá.”

Mo lọ. Mo ti gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Òbáléndé tó ń yá èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Mo sọ eré náà fún un, mo sọ ti oòrùn àti ti ìyá arúgbó.

“Èyí tí dókítà di ọ̀gá?” ó wí. “Mi ò ní tàn yín jẹ, sísítà. Àwọn tuntun yẹn no dey sweet. Ẹ mú ti àtijọ́.”

Mo ní tuntun ni mo fẹ́. Ó rí i pé mi ò ṣàwàdà, ó ní oníbàárà òun kan ní àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó máa ń gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, kí n máa yọjú. Mo yọjú, mo yọjú, títí bàtà mi fi fẹ́ jẹ tán, kí kásẹ́ẹ̀tì náà tó dé. Àbúrò Àlàájà kan ní Òkè Àrín ló yá wa ní ẹ̀rọ fídíò. Tísà gbé e sórí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Ìpolówó ọjà Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ jáde. Àlàájà rí obìnrin tó ń ṣí agolo fún ológbò, wọ́n ní kí n túmọ̀ ìyẹn náà. Nígbà tí mo ní oúnjẹ tí wọ́n dìídì sè fún ológbò ni, wọ́n ní àwọn ará òkè gidi nìyẹn.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ bẹ ìyá arúgbó títí, kò gbọ́. Kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ó gbé àtùpà kan àti aṣọ ìbora kan sílẹ̀ fún un, ó wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Oòrùn pọ́n, ó pọ́n sí i, ìyá náà ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, eré parí.

Télọ̀ ń fi etí ìró nu ojú. Tísà ní, “Bóyá bẹ́ẹ̀ ló dáa. Ilé rẹ̀ ni. Mo rò pé mo ti ṣì í sọ lọ́jọ́sí.”

Gbogbo wa wá yíjú sí Àlàájà. Èmi rò pé wọ́n á yin ìyá náà.

“Obìnrin yẹn ò ṣe dáadáa,” ni wọ́n wí.

“Ṣé kì í ṣe ohun tí ìyá yín ṣe náà nìyẹn?” Télọ̀ bèèrè.

“Ìyá mi dìde. Ẹnikẹ́ni ò gbé e. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ò wọ̀ ọ́ létí. Àfi ìgbà tí ọmọ ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ebi ń pa á. Ìyá mi ní, ‘Ta ni yóò máa po ẹ̀kọ fún un níbẹ̀? Ìwọ tí o kì í pò ó jinná?’ Ló bá dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ karí, ó gun lọ́rì. Ó sunkún dé Sùúrùlérè. Ibẹ̀ ló kú sí, kò dárí ji ìjọba, ṣùgbọ́n ọmọ mi jẹ ẹ̀kọ.” Wọ́n nàka sí tẹlifíṣọ̀n. “Ọmọ-ọmọ tirẹ̀ ń pè é, ó jókòó. Ẹni tó kọ eré yìí kò tíì kẹ́rù kúrò nílé rí.”

Tísà ní ṣùgbọ́n ilé ẹni ò ṣeé kọ̀ sílẹ̀. Àlàájà ní ilé kì í po ẹ̀kọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tuntun, àwọn méjèèjì ti gba ipò ara wọn láìmọ̀, mo sì jókòó sáàárín wọn láìsí ohun tí mo fẹ́ túmọ̀.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ Àlàájà pé kí wọ́n mú mi lọ síbi tí ilé ìyá wọn tí ìjọba wó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi la gbà. Wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù bàtà kan tí mo ti ń kọjá lójoojúmọ́, wọ́n wo igun ọ̀nà, wọ́n wo òkè, wọ́n tún sún díẹ̀ sápá òsì.

“Ibí yìí ni ìdáná,” ni wọ́n wí.

Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ yọjú síta. Ohùn Èkìtì ló fi kí wa. “Ẹ wọlé, màmá. Kí lẹ fẹ́ rà?”

“Ìdáná ìyá mi ni mò ń wò.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí ojú wọn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé àga kan wá fún wọn láàárín àwọn páálí. Àlàájà jókòó, wọ́n wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà káàkiri, wọ́n wá ní kó mú bàtà aláwọ̀ búlúù kan sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n dìde, wọ́n sì rọra rìn nínú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí wọ́n ní kànga ilé ìyá wọn wà nígbà yẹn.