Ìwé Tí Mo Fi Àlọ́ Ọ̀sán Gbà

Mo rántí ìgbà tí òórùn èéfín ẹja máa ń wà lára aṣọ ilé-ìwé mi, tí mi ò sì mọ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní agboolé wa ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo, ó sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Agbowa nígbà tí ọjà ibẹ̀ bá pé. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń fi mí sí. Ìyá àgbà kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kí ìrun Mògáríbì tán, gbogbo ọmọ agboolé á rọ́ lọ sí ìdí àdògán rẹ̀ láti gbọ́ àlọ́.

Ọdún tí mo wọ kíláàsì kìíní ni wọ́n dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké ilé-ìwé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Tíṣà wa, obìnrin kan tí ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, ṣàlàyé pé ọmọ tó bá mọ àlọ́ pa jù ni yóò gba ìwé àlọ́ tó ní àwòrán. Ó ní ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá já gaara, ìwé kíkà kì í nira fún un. Ó gbé ìwé náà sókè kí a rí i. Èèpo rẹ̀ pupa, ó ń dán. Ìwé kan ṣoṣo tó wà nílé wa ni Àlùkùráánì bàbá mi, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án bó ṣe wù ú. Mo fẹ́ ìwé tó máa jẹ́ tèmi. Nígbà tí tíṣà yàn mí, mo sáré relé bí ẹni tó ti gbà á tán.

Ìyá àgbà béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa pa àlọ́ náà. Mo ní ọ̀sán ni. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná sílẹ̀.

"A kì í pàlọ́ ọ̀sán," ó wí. "Ọmọ tó bá pàlọ́ ọ̀sán, ìyá rẹ̀ á sọnù."

Mo sunkún, mo ní tíṣà ló sọ pé kí n ṣe é. Ó ní ṣé tíṣà ló bí ìyá mi ni. Ìyá mi ní tirẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ọ̀nà ilé òun, kí n máa lọ. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó dúró. Èmi ò rí nǹkan kan ju èèpo pupa ìwé yẹn lọ.

Àfi bí ọjọ́ náà ṣe bọ́ sí ọjọ́ tí ìyá mi lọ sí Agbowa. Gbọ̀ngán ilé-ìwé wa kún, ìyá àgbà sì wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi ìborùn bo orí. Ọmọbìnrin Ìkòròdú kan ló kọ́kọ́ pa tirẹ̀, ó sì dùn. Ó rọrùn fún un. Ìyá tirẹ̀ jókòó síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó kàn mí. Mo ní, "Ààlọ́ o!" Gbogbo ilé dáhùn. Ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn wọlé láti ojú fèrèsé, mo sì ń rí ọ̀sà níta, tó tẹ́ lọ rẹrẹ láìsí ọkọ̀ kan lórí rẹ̀. Mi ò wo àwọn ènìyàn mọ́, omi ni mò ń wò. Tíṣà wa mi orí sí mi pé kí n máa bá a lọ.

"Tíṣà, ẹ dákun," mo wí, "ìyá mi wà lójú omi."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kan tó wá ṣèdájọ́ àlọ́ náà ti ń pe ọmọ tó kàn. Ojú tì mí, ọkàn mi sì bàjẹ́, nítorí mo ṣì fẹ́ ìwé náà. Mo ti ń padà lọ sí àyè mi nígbà tí ìyá àgbà dìde lẹ́yìn.

"Ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn, tíṣà," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú fún ọmọ mi."

Tíṣà kò béèrè ìdí. Ó ti gbogbo fèrèsé onípákó náà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, gbọ̀ngán sì ṣókùnkùn bí ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà wá jókòó sílẹ̀ níwájú mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń jókòó nílé. Ó ní, "Ilẹ̀ ti ṣú. Ó yá, pàlọ́ rẹ."

Mo pa àlọ́ ẹja àrọ̀ tó yá ààbọ̀ irùngbọ̀n òbúkọ, tó sì sá wọnú omi lọ, tí òbúkọ kò fi fẹ́ rí omi sójú títí di òní. Ìyá àgbà ló ń gbe orin rẹ̀, àwọn ará Ìkòròdú náà sì ń gbè é. Èmi ni wọ́n fún ní ìwé. Mo gbà pé ọgbọ́n mi ló gbà á, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé ohùn arúgbó kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mi ò ṣí ìwé náà. Mo gbé e mọ́yà lọ sí etí ọ̀sà. Ìyá àgbà tẹ̀ lé mi, ó ní atẹ́gùn lòun fẹ́ gbà. Nígbà tí a rí gèlè ìyá mi nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó ní Àlùhámúdùlíláhì, ó wá bá mi wí pé kí ló dé tí mo dúró sínú ẹrẹ̀.

Ó sì ṣòfin pé níwọ̀n bí àlọ́ ti wà nínú ìwé náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i kí wọ́n tó kí Mògáríbì. Ìdí àtùpà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń sọ fún mi ibi tí ìwé ti ṣi àlọ́ pa.

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. Lánàá, ọmọ-ọmọ mi gbé ìwé àlọ́ rẹ̀ wá lọ́sàn-án pé kí n kà á fún òun. Mo ní kó kọ́kọ́ fa kọ́tìnnì. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú àlọ́ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò tíì dé láti Benson, ní Ìkòròdú.