Kẹ̀kẹ́ Tí A Bá Nínú Àká Bàbá Wa

Ọjọ́ kẹta tí bàbá mi kú ni a ṣí àká wọn pé ká kó ọkà jáde fún sàráà fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀yìn àpò ọkà ni mo ti rí i: kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n fi ẹní wé, tí wọ́n fi okùn dì bí òkú. Ní Ìlọrin ìgbà náà, ta ló ní kẹ̀kẹ́? Àwọn òyìnbó ní, àwọn akọ̀wé wọn ní, ó tán. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni bàbá mi ń gùn títí wọ́n fi kú.

Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn. Bàbá mi kú, inú mi ń dùn! Èmi nìkan ni mo mọ irin nínú ilé wa. Mo ti sá kúrò nílé kéwú láti kékeré nítorí ẹgba, mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn réluwéè. Bí mo ṣe tú ẹní yẹn, mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ náà ti pẹ́ láyé. Kò ní ìjánu rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi: bí táyà bá ti ń yí, pẹ́dàlì á máa yí. Irú rẹ̀ ni àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ wá wọn ọ̀nà réluwéè gùn, ọ̀gá mi ti júwe rẹ̀ fún mi. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bí a bá pín ogún, tèmi nìyí.

Wàláà kékeré kan, pátákó tí àwọn oníkéwú fi ń kọ̀wé, wà tí wọ́n fi awọ so mọ́ irin àárín rẹ̀. Tàdáwà tí wọ́n fi kọ̀wé sára rẹ̀ ṣì dúdú. Bí ìyá mi ṣe rí i, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ọwọ́ ọkọ mi nìyí," wọ́n ní. "Kí ló kọ síbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ kéwú kà wà ní Bídà, kò tíì gbọ́ pé bàbá kú. Ni gbogbo ojú bá wà lára mi. Mo mọ lẹ́tà bíi mẹ́ta níbẹ̀. Ìyókù ń wò mí, mo ń wò ó. Ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Àdúà ni," ni mo wí. "Àdúà àlùbáríkà ni."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kí n tó mí, ìyá mi ti gbé igbá omi wá. Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ̀ pé láti Ọ̀fà, láti Jẹ́bà, ni wọ́n ti ń wá gba hántú lọ́wọ́ bàbá mi: wọ́n á kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, aláìsàn á fomi fọ̀ ọ́, á mu ún. Ta ni kò ní fẹ́ mu èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ? Ìyá mi fọ wàláà náà títí ó fi funfun, wọ́n mu, wọ́n gbé e fún àwọn àbúrò mi, wọ́n sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún èmi náà. Mo mu ún. Ó korò díẹ̀.

Mo wá dojú kọ kẹ̀kẹ́ mi. Mo fi òrí pa ṣéènì rẹ̀, mo gbé e sóòrùn kí òrí náà lè yọ́ wọnú irin tó ti lẹ̀ pọ̀. Mo fi yanrìn àti eérú ha gbogbo ìpẹtà ara rẹ̀. Súpóòkì mẹ́fà ló ti já, mo rọ òmíràn fúnra mi. Ọ̀gá mi fún mi ní ògbólógbòó táyà méjì. Nígbà tó fi di ọjọ́ fídáù, ó ń kọ mànà, mo sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn àlejò lè rí i. Ìgbéraga lásán!

Àlùfáà àgbà kan, ọ̀rẹ́ bàbá mi, ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n dúró gbọn-in.

"Ta ló gbé àmánà jáde?"

"Àmánà ta ni, Bàbá?"

"Ti àlejò kan tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ó ní ọ̀nà iyanrìn kò gba kẹ̀kẹ́, kí bàbá rẹ bá òun tọ́jú rẹ̀, bí òun ò bá padà, kó fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ òun. Èmi ò mọ ọkùnrin náà, n ò sí nílé nígbà náà. Ṣùgbọ́n lórí àìsàn ni bàbá rẹ ti sọ fún mi pé orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ wà lára wàláà tí òun so mọ́ ọn. Ó ní kí ẹ bá òun dá a padà, kó má bàa di ẹrù lọ́rùn òun níwájú Ọlọ́hun. Wàláà náà dà?"

Inú yàrá tí ìyá mi ti ń ṣe opó ni ohùn ti wá.

"A ti mu ún."

"Ẹ mu kí ni?"

"A fọ̀ ọ́, a mu ún. Ọmọ yín ló ní àdúà ni."

Bàbá àgbà yẹn yíjú sí mi. "N ò mọ̀ ọ́n kà, Bàbá. Irọ́ ni mo pa."

"Ìnnà lílláhì," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó sórí yẹ̀pẹ̀. Ká ní wọ́n nà mí ni, ìbá sàn. Bí àwọn ọmọ ọkùnrin yẹn tilẹ̀ wá, kí ni wọ́n máa fi dá a mọ̀? Mo ti ha gbogbo àmì ara rẹ̀ dànù.

Odidi ọdún kan ni mo fi ń tì í lọ sí mọ́ṣáláṣí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí mo ń kéde rẹ̀. N ò jẹ́ gùn ún. Àwọn kan wá purọ́ pé ti bàbá àwọn ni, n ò bá wọn jà. Irú mi ni wọ́n. Nígbà tí ọdún pé, àlùfáà àgbà náà ní ká fi kẹ̀kẹ́ náà ṣe sàráà lórúkọ ẹni tó ni ín. Orúkọ wo? Àlùfáà náà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ọlọ́hun, Ìwọ mọ̀ ọ́n," wọ́n sì fọwọ́ ra ojú.

Ìyá mi tún lo ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àìsàn ikú dé, wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé ikùn wọn.

"Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ wà níbí," wọ́n ní. "Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ, tó bá bi mí, kí ni kí n pè é?"

Mo sunkún.