Olóyè Dé Nígbà Tí Bọ́ọ̀lù Wà Lókè

Obìnrin ará Rọ́ṣíà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin Bantè ní bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti ṣe iṣẹ́ náà pẹ́ nílùú rẹ̀ kó tó wá fẹ́ ọkọ síbí. Èmi tí mo ní oyè yunifásítì ni igbákejì rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa ru omi.

Lọ́jọ́ tí a bá Savalou gbá àṣekágbá, àmì kan ló kù kí a borí nígbà tí olóyè kan wọlé, tí agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lókè. Gbogbo ọmọ wa kúnlẹ̀ kí i, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sáàárín wọn. Savalou bá wa dọ́gba.

"Kí ni wọ́n ń wá nílẹ̀?" ni ará Rọ́ṣíà náà, tí gbogbo wa ń pè ní Tantí, bi mí.

"Wọ́n ń kí bàbá ni, Tantí."

Olóyè ò tíì jókòó. Ó ń rọra yí pápá ká. Tantí sáré pàdé rẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbì, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ máa gbá a!" ló kígbe sí àwọn ọmọ. "Mo ń bá yín kí i!"

A jẹ àmì méjì léraléra, a sì borí. Ariwo sọ. Olóyè ń mi orí sọ́tùn-ún sósì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀.