Hàǹtú tí Àáfà Lìádì Fọ̀

Bí ẹ bá kọjá Ìyànà Ọ̀fà, tí ẹ béèrè Àáfà Lìádì, ọmọdé á júwe ilé kéwú rẹ̀ fún yín. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni, wáàsí kan ṣoṣo ló sì ní. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń sọ ọ́: ti Hábílù ọmọ Ádámọ̀, tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bí o tilẹ̀ na ọwọ́ láti pa mí, èmi ò ní í na tèmi láti pa ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé gbọ́ ọ títí ó sú wọn.

Sátidé kan, bí wọ́n ṣe kírun Àìlà tán ni wọ́n sin Jùbrílù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà. Àwọn ará abúlé kejì ló ṣá a pa lórí ààlà ilẹ̀. Kí iyẹ̀pẹ̀ sàréè tó gbẹ, Ishaq, ọmọ kan ṣoṣo tí Àáfà bí, ti kó àwọn ọ̀rẹ́ òkú dé tàdátàdá.

"Bàbá, ẹ fọ hàǹtú fún wa ká mu, kí àdá má ràn wá. À ń lọ bá wọn."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá."

"Àwọn tí a pè lánàá dà? Ṣebí Ànábì náà jagun! Ẹni tí wọ́n bá ṣe àbòsí sí, Ọlọ́run yọ̀ǹda fún un."

"Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi fìyà jẹ Ànábì ní Mẹ́kà, kò gbé ọwọ́. Nígbà tí ogun dé gan-an, ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹni tí kò bá wọn jà. Ta ló ṣá Jùbrílù nínú wọn? Ṣé Tíṣà Akínwándé tó kọ́ ẹ ní ìwé ni?"

Wọn ò mọ ẹni tó ṣá a. Ishaq ní bí Bàbá ò bá fọ̀ ọ́, àwọn á lọ bẹ́ẹ̀.

Àáfà gbé pátákó wàláà lé orúnkún, ó ti gègé bọ tàdáwà, ọ̀rọ̀ Hábílù yẹn gan-an ló sì kọ, ìgbà mọ́kànlélógún. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé bó bá wọ inú wọn, ọwọ́ wọn á rọ, wọ́n á padà láàárín ọ̀nà. Ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, ó gbé e fún wọn, kò sọ ohun tó kọ. Háà, Lìádì! Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í dákẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀! Kí ló pa ẹ́ lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ yẹn?

Wọ́n mu ún tán pátápátá. Àwọn méjì tí ẹ̀rù ti ń bà látàárọ̀ ló wá ṣíwájú.

Àáfà jókòó sórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ó ń sunkún, ó ń bẹ Ọlọ́run. Alásárì ò tíì tó tí Ishaq fi wọlé, ẹ̀jẹ̀ bò ó dé ìgúnpá. Bàbá dìde gìrì, ó ń fọwọ́ wá ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀. Kò rí ìkankan.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ ṣeun! Ó jẹ́! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ sá padà, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí ẹ fún mi mu, ọkàn mi balẹ̀. Tíṣà la bá lóko wọn. Ó kàn ń wò mí ni, kò tiẹ̀ na ọwọ́. Bàbá, kí lẹ kọ síbẹ̀ gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."