Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà bá mi dá sí orin dùùrù

N kò lè gbàgbé Sátidé tí mo tẹ dùùrù níbi ìdíje orin ilé-ìwé wa ní Akínyẹlé, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin girama.

Orin òyìnbó àtijọ́ ni tíṣà orin wa yàn fún mi. Olórin ló ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, tí dùùrù ń gbè é, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti tún un tò kí ìka mi nìkan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ.

Ìyá àgbà mi wá láti Ìjàyè, wọ́n jókòó níwájú pátápátá. Tíṣà dúró tì mí láti máa ṣí ìwé orin fún mi. Nígbà tí mo dé ibi tó le jù, tí òógùn ń bọ́ sí mi lójú, mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà:

"Tíṣà, ọmọ yìí ń kú lọ, ẹ̀yin kàn ń ṣí ìwé fún un! Olórin dà?"

"Kò sí olórin, Màmá. Òun ló ń ṣe méjèèjì pọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò tètè sọ?"

Wọ́n bá dìde, wọ́n gbé orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Gbogbo òbí gbè é. Mo fẹ́ẹ̀ dáwọ́ dùùrù dúró.

"Má dúró o!" ni tíṣà sọ sí mi létí.

Mò ń tẹ tèmi, wọ́n ń kọ tiwọn, títí a fi parí. Kí n tó dìde, Ìyá Àgbà ti ń kí àwọn èèyàn pé wọ́n ṣeun.

Ipò kejì ni mo gbà. Inú bí mi dalẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Àgbà sọ fún ará Ìjàyè ni pé, "Ká ní ọmọ yẹn tètè ránṣẹ́ sí mi ká jọ fi dánra wò ni, ipò kìíní là bá gbà."